Jíìmù Tí Ó Ní Ọpọ́n Ayò: Àgbéyẹ̀wò fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn jíìmù tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ni a ṣètò fún àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀. Irin ni ó kún inú wọn, jíǹgí ńlá ni ó wà lára ògiri, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí a ti ń di irin mú yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú yóò sì máa tì í. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, tí ó wà ní àdúgbò kan lẹ́yìn Òkè-Fìà, yàtọ̀ sí wọn, nítorí pé àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá rí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, àti nítorí pé ìdajì àkókò rẹ̀ kì í ṣe ti ara rárá. Lẹ́yìn tí a bá ti làágùn tán, ọpọ́n ayò ni wọ́n ń gbé síwájú ènìyàn.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣe é, láti agogo 6 àárọ̀ sí agogo 7:30. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,000 fún àárọ̀ kan, kò sì sí owó ìforúkọsílẹ̀. Yàrá gbọọrọ kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni gbogbo ilé náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì ni ó ń darí apá ti ara. Kò fi irin lọ ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àga ìjókòó lásán ni ó ń lò: a ó dúró síwájú àga, a ó rọra lọ sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó, ìdí kò ní pẹ́ lórí àga kí a tó dìde. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, a ó sì tún dúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ọwọ́ kan lára ògiri. Ẹni tí ó bá ń wo wa láti ìta lè rò pé eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n iṣan itan kì í parọ́. Ìyá kan wà láàárín wa tí ó ń ṣe àdìrẹ, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ki ìlú wa ní ìlú aró, tí ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi tẹ̀ lórí ìkòkò aró sì ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ohun tí ó ń fi ọwọ́ dì mú bí ó bá ń dìde. Òun ni Kóòṣì dúró tì jù lọ.

"Mọ̀mí, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ìdí ni kí ẹ rán lọ sẹ́yìn, kí àyà yín wà lókè."

"Kóòṣì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n o."

"Ó yẹ kó gbọ̀n, mà. Ẹ máa mí síta bí ẹ bá ń dìde, ẹ má sé èémí mọ́nú."

Ọ̀rọ̀ èémí yìí ni ó ń tẹnu mọ́ ju ohunkóhun lọ, mo sì gbà pé ó tọ̀nà, nítorí pé ẹni tí ó bá sé èémí mọ́nú nígbà tí ó ń lo agbára ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sókè lójijì. Bí a bá ń rìn kánkán lójú kan, yóò máa kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè gbọ́ bí a ṣe ń dáhùn. Ẹni tí ó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin ni ó wà ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ṣì lè kọrin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ dẹwọ́. Ìwọ̀n kan náà ni àwọn onímọ̀ ìlera ń lò, kò sì gba ẹ̀rọ kankan.

Ó tún máa ń kìlọ̀ fún àwọn ẹni tuntun nípa ìrora tí ó máa ń mú iṣan ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Púpọ̀ ènìyàn ni ó ń torí rẹ̀ sá, tí wọ́n ń rò pé ibà ni, tí wọ́n sì ń lọ ra àgbo. Ìrora náà yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá mú oríkèé tàbí àyà ni ó yẹ kí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo fi ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 wọn ètò yìí wò. Àjọ náà ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ 2, ó kéré tán, ṣe èyí tí ń fún iṣan lágbára. Àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 ní láti fi èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n máa ṣubú kún un ní ọjọ́ 3, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Níbí, ìṣẹ́jú 45 ni ti ara ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 135 lọ́sẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú 15, ẹni tí ó bá sì fi ẹsẹ̀ rìn kánkán lọ sílé dípò kí ó gun ọ̀kadà ti san gbèsè náà.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ọpọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ fẹ̀yìntì ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. A mọ bí ọpọ́n ṣe rí: ihò 6 níhìn-ín, ihò 6 lọ́hùn-ún, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹni tí ó bá fi ọmọ ayò tí ó kẹ́yìn sọ ohun tí ó wà nínú ihò ẹnìkejì rẹ̀ di 2 tàbí 3 ni ó jẹ ẹ́. Ohun tí ó mú kí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bàbá yìí yàtọ̀ sí ayò abẹ́ igi ni pé kò gbà kí ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ ayò ta, fi ọwọ́ kan ọmọ ayò kí ó tó sọ ihò tí yóò parí sí. "Ojú ni kí ẹ fi kà á, ẹ má fi ọwọ́ kà á." Bí ènìyàn bá sọ pé ihò kẹta, tí ó sì parí sí ìkẹrin, wọn yóò dá ọmọ ayò padà, yóò sì tún un kà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń sú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kíyè sí i pé òun ti ń ka ti ẹnìkejì mọ́ ti ara òun, pé òun ti rí odù, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀ tí ẹnìkejì ń kó jọ sí igun kan kí ó tó tú u lé òun lórí. N kò ní sọ pé ayò ń wo àrùn ìgbàgbé sàn, kò sì sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àfojúsùn ni ó ń kọ́ni, bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àga ṣe ń kọ́ itan. Mo fẹ́ràn pé ó wá lẹ́yìn eré ìdárayá, nígbà tí èémí ti ń balẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣì ń mí gúlegúle kì í lè kà á tọ̀nà, èyí sì ń mú kí olúkúlùkù fara balẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ.

Àléébù wọn kò kéré. Èyí tí ó burú jù ni pé kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ìṣòro orúnkún kí n tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá nínú ilé náà. Fún ibi tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, n kò rí àwáwí tí ó lè bo èyí. Ẹní wọn kò tó, ó sì fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù. Orin inú yàrá náà sì ń ké ju bí ó ṣe yẹ lọ, débi pé ó ń bo ohùn Kóòṣì mọ́lẹ̀ ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Mo sọ fún un. Wọ́n dín in kù ní ọjọ́ náà, wọ́n sì tún gbé e sókè ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kí apá òun yọ iṣan kò ní rí ohun tí ó ń wá níbẹ̀, irin tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n fún oníṣòwò, akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí kò ṣe eré ìdárayá láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ìwé, n kò tíì rí èyí tí ó sàn jù ú ní ìlú yìí ní iye owó náà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kí ó mú ẹní tirẹ̀ àti omi dání, kí ó sì ti dé kí agogo 6 tó lù, nítorí pé ọpọ́n 4 péré ni wọ́n ní, ẹni tí ó bá kẹ́yìn ni yóò jókòó wòran.