A kì í fárí lẹ́yìn olórí: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ẹgbẹ́ alágbàwí aláìsàn kan ní Ìkòròdú

Bí èèyàn bá fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú, ìbéèrè tó ń ṣáájú ni pé, "Ta la mọ̀ níbẹ̀?" Bí a bá mọ ẹnì kan, fáìlì á tètè jáde, nọ́ọ̀sì á sì fi ojúure wo aláìsàn. Bí a kò bá mọ ẹnikẹ́ni, ó di ká jókòó. Arúgbó tí rọparọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, adití tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, àwọn wọ̀nyí gan-an ni kì í sábà mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nítorí tiwọn ni iṣẹ́ alágbàwí ṣe wà. Àwa tí a ń tọ́jú àwọn àgbà àti akanda ẹ̀dá láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ìmọ̀tà ti ń lo ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà láàárín ìlú, a sì ti lò ó tó láti sọ ibi tó dára dé àti ibi tó kù sí.

Alágbàwí kì í ṣe lọ́yà. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọsibítù, kì í sì ṣe mọ̀lẹ́bí. Ohun tí ẹni tó ni ara bá fẹ́ ló ń gbé síwájú dókítà, bí òun alára kò tilẹ̀ fara mọ́ ọn. Bí bàbá kan bá ní òun kò fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun, iṣẹ́ alágbàwí kọ́ ni láti máa pàrọwà fún bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí i pé wọ́n ṣàlàyé fún bàbá, ní Yorùbá, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gé e, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá gé e, àti bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Lẹ́yìn náà, ohun tí bàbá bá sọ labẹ gé. Òṣùwọ̀n yìí la fi wọn iṣẹ́ wọn.

Ẹ ó kọ́kọ́ pè. Ẹni tó bá gbé fóònù á béèrè orúkọ aláìsàn bó ṣe wà lórí káàdì ọsibítù, wọ́ọ̀dù tó wà, èdè tó ń sọ, àti bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń pè. Bí ẹ bá ní kò mọ̀, wọn kò ní torí ẹ̀ kọ̀ yín, ṣùgbọ́n bí alágbàwí bá dé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó fẹ́ òun. Bó bá ní òun kò fẹ́, ó parí nìyẹn, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń bínú. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n fi ń dé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Owó fótókópì nìkan lẹ ó san.

Ìpàdé àkọ́kọ́ ló wú wa lórí jù lọ. Wọ́n á ní kí mọ̀lẹ́bí bọ́ síta fún bí ogún ìṣẹ́jú. Èyí máa ń dá ìjà sílẹ̀: "Ìyá tó bí mi! Kí lẹ fẹ́ bá a sọ tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́?" Ṣùgbọ́n ìyá tí kò fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò ní sọ ọ́ lójú ìyàwó náà láéláé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ná owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní sọ ọ́ lójú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀.

Pẹ̀lú ẹni tí kò lè fọhùn, ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń lò. "Màmá, ẹ fún ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́." Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba: ṣé Ìkòròdú la wà yìí, ṣé ọkùnrin lèmi tí mo jókòó yìí. Bí ìdáhùn bá tọ̀nà ni wọ́n á tó wọ ọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ fẹ́ máa lọ sílé?" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á yí i po: "Ṣé ẹ fẹ́ dúró síbí fún ìtọ́jú?" Bí màmá bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, wọn kò ní mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Wọ́n á padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́. A ti rí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n gba bẹ́ẹ̀ ni àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbé e sá lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìṣòro mìíràn ni ọ̀wọ̀. Àwọn àgbà wa kì í sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé àwọn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "ẹ ṣeun, ọmọ mi," dókítà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbà. Nítorí náà, àwọn alágbàwí yìí kì í béèrè bóyá ó yé wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Màmá, ẹ̀gbọ́n wa ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Báwo lẹ ṣe máa ròyìn ohun tí dókítà sọ fún wọn?" Bí ìròyìn náà kò bá jọ ohun tí dókítà sọ, wọ́n á pe dókítà padà.

Láti dá a mọ̀ bóyá aláìsàn lè dá ìpinnu ṣe, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ṣé ọ̀rọ̀ náà yé e, ṣé ó lè dì í mú sọ́kàn títí yóò fi pinnu, ṣé ó lè gbé e yẹ̀wò síwá sẹ́yìn, ṣé ó sì lè jẹ́ kí a mọ ohun tó pinnu, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ojú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mental Capacity Act ti 2005. Òfin wọn mìíràn, Care Act ti 2014, fi dandan lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn láti wá alágbàwí fún ẹni tó ní ìnira púpọ̀ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀, tí kò sì ní mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ tó yẹ láti dúró tì í. Òfin ìlera tiwa, National Health Act ti 2014, kò fi irú dandan bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí alágbàwí lè dì mú.

Ìwé ìyọ̀ǹda ni ibi tí nǹkan ti sábà máa ń dà rú. Abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n òfin náà sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda, tàbí àwọn ìdí mélòó kan tí òfin là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì kò ní dá ẹni tí kò mú ìwé lọ́wọ́ lóhùn, wọn kò sì jẹ̀bi. Ìwé tó péye gbọ́dọ̀ ní orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì, nọ́ńbà ọsibítù, orúkọ alágbàwí, ohun tó lè wò (fáìlì, èsì àyẹ̀wò, bíìlì), àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa tán. Orúkọ ló ń fa wàhálà jù: káàdì ní "Salami R.", ìwé ní "Rísíkátù Àbẹ̀kẹ́". Lójú ẹni tó jókòó ti fáìlì, èèyàn méjì nìyẹn.

Bí aláìsàn kò bá mọ̀wé, ìtẹ̀ka nìkan kò tó. Ẹni tó bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì kọ ọ́ pé wọ́n ka ìwé náà fún un, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Òfin tó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbàwí yìí ní fọ́ọ̀mù tí àyè rẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ́wọ́ tiwọn.

Nígbà tí dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù ká, ìbéèrè kì í ju márùn-ún lọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé. Wọ́n fà á yọ láti inú abala kẹtàlélógún òfin ìlera tiwa yẹn, tó ní kí wọ́n sọ ipò ara aláìsàn fún un, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀, ní èdè tó gbọ́. Gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn, a sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wo èmi. Màmá ni kẹ́ ẹ wò lójú, kẹ́ ẹ sọ fún wọn."

Ní ti bíìlì, wọn kì í bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n á gba bíìlì tó to nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé rìsíìtì oògùn tí mọ̀lẹ́bí rà níta. Oògùn tí a ti rà níta tó tún jókòó sínú bíìlì, ọjọ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kà lé lẹ́yìn tí dókítà ti ní kí aláìsàn máa lọ, àwọn nǹkan báwọ̀nyẹn ló ń jáde. Èyí tó bá kù ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ aláìsàn nínú ọsibítù, kí wọ́n lè kọ àdéhùn pé wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ń lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó pẹ̀lú, tí iyè rẹ̀ bá ti ń ra. Wọn kò ní béèrè bóyá wọ́n ń fún màmá lómi. Wọ́n á wo ibi tí ife wà. Omi lè kún inú ife lórí tábìlì kí ọwọ́ màmá má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wo gìgísẹ̀ àti ìbàdí fún egbò ìdùbúlẹ̀.

Àwọn àbùkù wọn nìyí, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò pọ̀ tó. Bí alágbàwí kan bá ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ á dúró gbagidi. Wọn kò ní ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ nínú ara wọn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n lè wá ẹnì kan. Nígbà kan, wọ́n fi ọmọ ìyá adití kan ṣe ògbufọ̀ fún un, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kò dára rárá. Ọmọdé kọ́ ló yẹ kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ọ̀kan nínú wọn sì máa ń sọ pé "èmi rò pé" níwájú dókítà. Ní wákàtí tó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe alágbàwí mọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni pé a ti lò wọ́n pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wọn ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí a béèrè, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń fún oníbàárà báyìí, pé àwọn kò ní gba ọ̀rọ̀ tó bá kan ilé náà. Ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alágbàwí yòówù kẹ́ ẹ lò, ẹ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ta ló ń sanwó fún yín?

Tó bá di ẹ̀sùn, wọ́n mọ ọ̀nà. Abala ọgbọ̀n òfin ìlera fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sùn sùn kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Inú ọsibítù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n gba ẹ̀dà rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́. Bó bá ju ìyẹn lọ, HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó, ló ń mójú tó àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ìwà dókítà jẹ́ ti Medical and Dental Council. Ẹ̀tọ́ aláìsàn gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2018, jẹ́ ti FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó, sì wà fún akanda ẹ̀dá. Ẹni tó bá nílò lọ́yà, wọ́n ń darí rẹ̀ sí Office of the Public Defender, tí kì í gba owó.

Ẹ pè wọ́n láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, torí wọn kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ìpè ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sì máa ń sọnù. Wọn kì í ṣe ti pàjáwìrì. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó, ẹ má dúró de alágbàwí. Abala ogún òfin ìlera 2014 kà á léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe é lè san ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀ àti aago tó dá yín lóhùn. Alágbàwí máa béèrè méjèèjì lọ́jọ́ Ajé.