Ṣájà orí ọ̀kadà: èwo lẹ fẹ́ rà, ibo ni wáyà rẹ̀ yóò sì ti mú iná?

Owó iṣẹ́ ọ̀kadà ti kúrò nínú àpò, inú fóònù ló wà báyìí. Èrò á bọ́ sílẹ̀ ní Mayfair, á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ̀yin náà á sì dúró de álàátì. Bí fóònù bá ti kú, ẹ ò ní mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ gbé ti ń kánjú àtilọ. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ ẹrù náà kò yàtọ̀: oníbàárà á pè láti Parakin, á ní kí ẹ yà sí ọ̀tún lẹ́yìn ilé epo, ìpè á já kó tó ṣàlàyé tán. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gun ọ̀kadà ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà láti fi iná sí fóònù lójú títì. Ẹni tó ń múra láti ra tirẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún. Ohun tí mo fẹ́ kó mú lọ sí ìsọ̀ ni pé ibi tí wáyà ti mú iná ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ṣájà lọ.

Iná tí ọ̀kadà ní láti fún yín

Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ 12V (V ni fóltì), fóònù sì ń fẹ́ 5V. Iṣẹ́ ṣájà ni kó sọ 12 di 5 láì jó nǹkan kan. Ẹ wo ara bátìrì yín, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ Ah sí ìdí rẹ̀, ìyẹn iye iná tí bátìrì náà lè tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń gùn káàkiri Ifẹ̀, Boxer, TVS àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kì í kọjá 9Ah. Òmíràn ò ju 3Ah lọ. Bátìrì mọ́tò kékeré lè tó 45Ah. Nítorí náà, ohun tí onímọ́tò lè ṣe mọ́jú tí kò ní nípa lára mọ́tò rẹ̀, ó lè gbẹ bátìrì tiwa pátápátá.

Bátìrì kọ́ ló ń ṣe iná, ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Kọ́ìlì màgínẹ́ẹ̀tì ló ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, rẹ́gúlétọ̀ á wá tún un ṣe, á dì í mú ní nǹkan bí 14V kó tó dé bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná á pọ̀. Bó bá wà ní sílò, iná tó ń wọlé kò tó nǹkan. Ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà ní gáréèjì Lagere, tí ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, tí iná iwájú ń tàn, tí fóònù méjì wà lórí iná, bátìrì ló ń jẹ yẹn.

Ṣájà 5V tó ń gbé 2A jáde (A ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń ṣàn), 10W ni, torí 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10; W ni agbára tí nǹkan ń lò. Tí ẹ bá ṣírò èyí tó ń bá ooru lọ mọ́ ọn, yóò gba nǹkan bí 12W, ìyẹn 1A, lọ́wọ́ bátìrì. Gílóòbù iwájú tó jẹ́ 35W ń gbà tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Fóònù nìkan kò lè dá ọ̀kadà tó ń rìn dúró. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fóònù, iná LED méjì, ẹ̀rọ orin àti hóònù ńlá bá jọ ń mu nínú igbá kan náà.

Kí ẹ tó ra ṣájà rárá, ẹ yá mítà tàbí kí ẹ ra kékeré kan, kí ẹ fi wọn ẹnu bátìrì. Bí ọ̀kadà bá sinmi mọ́jú, bátìrì tó péye á wà ní 12.6V tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ mú ẹ́ńjìnnì sáré bí ìgbà tí ẹ wà lójú títì Ẹdẹ. Bó bá ka 13.5V sí 14.5V, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá kúrò ní 12V, ẹ tọ́jú bátìrì tàbí rẹ́gúlétọ̀ ná, torí a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bó bá sì kọjá 15V, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, ó lè jó ṣájà tuntun yẹn fún yín.

Sókẹ́ẹ̀tì sìgá àti ihò USB

Àwọn méjì yìí ni ẹ ó bá jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà. Sókẹ́ẹ̀tì sìgá ni ihò roboto bíi ti inú mọ́tò, tí ẹ ó tún wá ki orí ṣájà bọ̀. Ihò USB ní tirẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 5V nínú, okùn fóònù nìkan lẹ ó kì bọ̀ ọ́.

Ohun tó dára lára sókẹ́ẹ̀tì sìgá ni pé bí orí ṣájà bá bàjẹ́, òun nìkan lẹ ó pààrọ̀, wáyà ò ní kúrò níbi tó wà. Bí fóònù tuntun bá sì fẹ́ USB-C, orí mìíràn lẹ ó rà. Àmọ́ inú mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Sípírìngì ló di orí ṣájà náà mú, ojú ọ̀nà wa kì í sì jẹ́ kí sípírìngì sinmi. Nígbà tí mo ń lo tèmi, bí mo bá ti wọ kòtò, fóònù á dún "tìn" pé iná ti já, á tún dún "tìn" pé iná ti dé, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu géètì yunifásítì. Nígbà òjò, omi á dúró sínú ihò náà bí inú ife, irin tí iná 12V wà lára rẹ̀ á sì dípẹtà. Àwọn kan ń rà á torí pé wọ́n fẹ́ fi tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà. Ẹ̀rọ yẹn lè gba 10A, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n so mọ́ sókẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà kò lè gbé e.

Ihò USB kéré, kò gbọ̀n, ó sì ní ìdérí rọ́bà. Òun ni mo yàn. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹnu rẹ̀ bá ti fẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ ó jù nù. Ẹ wo ara páálí fún IP65 tàbí IP67: nọ́ńbà 6 ń sọ pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, 5 pé omi tí a tú sí i kò ní ṣe é ní nǹkan, 7 pé ó lè bọ́ sínú omi tó jìn tó mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí okùn fóònù bá wà nínú rẹ̀, ìdérí ti ṣí, nítorí náà ẹ gbé e sí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò ti kọjú sílẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò Ifẹ̀ yóò wá a dé ibẹ̀.

Èyí tó ń yára fi iná sí fóònù, 18W, ńkọ́? Ó dára fún ẹni tó ń rin títì Oǹdó tàbí ọ̀nà Iléṣà lọ bọ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré dáadáa. Fún ẹni tó ń rìn láàárín ìgboro, tó ń dúró, tó ń ṣí, 2A ti tó. Nínú oòrùn oṣù kejì, fóònù tó bá gbóná jù yóò fúnra rẹ̀ dín iná tó ń gbà kù, owó tí ẹ fi kún un yóò sì di asán.

Páwà báǹkì

Kò nílò ríwáyà, a kì í gé wáyà kankan nítorí rẹ̀, ẹ sì lè mú un wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín. 10,000mAh (ìyẹn 10Ah) tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti bátìrì inú rẹ̀ tó jẹ́ 3.7V ni. Nígbà tó bá fi di 5V, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ fóònù kò ní ju nǹkan bí 6,000mAh lọ. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh yóò kún lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú díẹ̀ sí i. Ìyẹn tó fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, bí iná bá wà nílé lóru láti fi bọ́ ọ. Bí kò bá sí, ọwọ́ òfo lẹ ó gbé jáde. Ẹ má fi í sábẹ́ ìjókòó tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń wá, ẹ má sì fi í sójú oòrùn.

Ibi tí wáyà ti mú iná

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ṣájà kan náà lè sin yín fún ọdún mẹ́ta, ó sì lè ba bátìrì jẹ́ lóṣù kan, bí ríwáyà bá ṣe so ó ni.

Wọ́n lè so ó tààrà mọ́ bátìrì. Ó yá, kò sì náni púpọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ so tèmi nìyẹn. Ṣájà náà ní ojú pupa kékeré tó ń fi iye fóltì hàn, mo sì fẹ́ràn àtimáa wò ó. Ibà wá dá mi gúnlẹ̀ nínú oṣù keje, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kadà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo jáde sí i, ojú pupa yẹn ti kú. Mo tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn. Mo tẹ hóònù, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí. Mo ti ọ̀kadà náà láti ilé ní Modákẹ́kẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe ríwáyà, ara tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bàbá fi mítà sí i, ó ka 9.4V.

"Ọmọ mi, ta ló so èyí fún ẹ?"

"Ẹnì kan ni, bàbá."

"Ṣé ó sọ fún ẹ pé ojú pupa yìí kì í sùn?"

Kò sọ fún mi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ojú pupa yẹn ń jẹ nǹkan bí 20mA (1,000mA ló ń jẹ́ 1A). Ní wákàtí 24, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì 1Ah. Lọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ó ti jẹ ju 4Ah lọ, 5Ah sì ni gbogbo bátìrì mi. Bátìrì tó bá gbẹ bẹ́ẹ̀ kì í padà sípò rẹ̀ tán. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, mo ti ra tuntun.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n so ó mọ́ wáyà tí iná kì í dé àfi bí kọ́kọ́rọ́ bá yí. Ríwáyà tó mọṣẹ́ yóò fi gílóòbù ìdánwò wá wáyà náà: á yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù á tàn, á pa á, gílóòbù á kú. Bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, ṣájà náà ti sùn nìyẹn. Bí bàbá yẹn ṣe tún tèmi so nìyí, kò sì tíì ṣe mí ní wàhálà láti ìgbà náà. Fún ẹni tó fẹ́ fi iná sí fóònù kan tàbí méjì, èyí ni mo fọwọ́ sí.

Ọ̀nà kẹta ni rílè, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná díẹ̀ tan iná tó pọ̀, tó sì ń fi pa á. Wáyà kọ́kọ́rọ́ kàn ń jí rílè ni, bátìrì gan-an ni iná tó pọ̀ ti ń wá. Owó rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ ga ju méjì ìṣáájú lọ. Bí ẹ bá ní iná LED àti ẹ̀rọ orin pẹ̀lú ṣájà, ó yẹ kí ẹ ná an. Bí fóònù nìkan bá ni, ẹ fi owó yẹn ra táyà.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ni kí ẹnikẹ́ni so ṣájà mọ́ wáyà iná iwájú láì wọ̀n ọ́n ná. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, kọ́ìlì ló ń bọ́ iná iwájú tààrà, kì í gba ọ̀dọ̀ bátìrì. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi ti ilé, ló wà nínú wáyà yẹn, ó sì ń ga ó ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń fún un ní epo. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún bátìrì kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, kí fíúsì 5A wà lára wáyà pupa, kó má jìn sí ẹnu bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Àwọn kan ń fi í sí abẹ́ hándù kó lè rọrùn láti rí. Bí wáyà bá bó láàárín bátìrì àti fíúsì, fíúsì yẹn kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Wáyà sì máa ń bó. Ọrùn ọ̀kadà, níbi tí hándù ti ń yí, ni ẹ ti máa rí i. Nígbà tí mo tú tèmi lọ́dún kejì, téèpù dúdú tí wọ́n fi wé e ti yọ́ nínú ooru, ó ti di àtè lọ́wọ́ mi. Lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà wáyà ti họ níbi tó ti ń fara kan irin, bàbà inú rẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, okùn mẹ́ta péré, tín-ín-rín bí irun, ló ṣẹ́kù tó di ara wọn mú. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ yí hándù dé òpin lósì, ẹ yí i dé òpin lọ́tún, kí ẹ máa wo wáyà: kò gbọ́dọ̀ fà, kò gbọ́dọ̀ há. Oríkèé wáyà, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń sún kì bò ó. Ẹ má gba èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé.

Ohun tí fóònù jókòó lé

Nínú àwọn ohun tí a fi ń di fóònù mú sórí hándù, èyí tó ní irin mẹ́rin tó ń di igun fóònù mú lágbára ju ti rọ́bà lọ. Báàgì tó ní ojú ike dára fún òjò, àmọ́ ó ń se fóònù nínú oòrùn. Ní 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n tó ń wá láti ẹ́ńjìnnì alùpùpù alágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Bí fóònù yín bá wọ́n, ẹ fi sápò pẹ̀lú páwà báǹkì, kí ẹ ra fóònù olówó pọ́ọ́kú sórí hándù.

Ọlọ́kadà ìgboro tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ihò USB 2A, wáyà kọ́kọ́rọ́, fíúsì 5A. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà lọ sí ibi iṣẹ́ lásán, bóyá láti Ẹnuwá sí Ọ̀pá, páwà báǹkì ti tó o, kó má jẹ́ kí wọ́n gé wáyà kankan lára ọ̀kadà rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sí Iléṣà lóru pẹ̀lú iná LED, kó fi rílè sí i.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ní Odò-Ogbè tàbí níbikíbi, ẹ mú okùn fóònù tiyín dání. Ẹ ní kí wọ́n so ṣájà náà mọ́ bátìrì kan níwájú yín, kí ẹ fi fóònù sí i, kí ẹ mi okùn náà lẹ́nu ihò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àmì iná ojú fóònù bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá.