Mọ́gééjì èlé nìkan ní London: ilé ayálégbé, bẹ́ẹ̀ ni, ilé tẹ́ ẹ̀ ń sùn sí, ẹ rọra o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ilé rà ní ìlú Ọba, ẹ ó ti gbọ́ interest-only lẹ́nu bírókà, mọ́gééjì (owó tí báńkì ń yáni ra ilé) tó jẹ́ pé èlé nìkan lẹ ó máa san lóṣooṣù tẹ́ ò ní fọwọ́ kan ojú owó, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá gan-an, rárá títí ọdún á fi pé. Mo ní irú ẹ̀ lórí flat kan tí mo fi ń gba rẹ́ǹtì ní Thamesmead, ilé tí èmi àtìyàwó àtàwọn ọmọ ń gbé gan-an, repayment la fi rà á, èyí tá a ti ń san èlé àti ojú owó pa pọ̀ lóṣooṣù, torí náà mo ń wo méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ yá £200,000 fún ọdún 25, èlé 5%. Interest-only á gba £833 lọ́wọ́ yín lóṣù, repayment á gba £1,169. £336 ló fi dín, owó gidi sì ni jàre, ẹni tó ń san owó nọ́ọ̀sìrì ní London mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ tí ọdún 25 bá pé, ẹni tó ṣe repayment ti san nǹkan bíi £151,000 lórí èlé, ilé ti di tiẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ṣe interest-only ti san £250,000 èlé, £200,000 tó yá sì wà níbẹ̀ digbí, kò dín kọ́bọ̀. Àwọn baba wa mọ irú gbèsè yìí dáadáa, ìwọ̀fà ni: gbogbo oko tó bá ro fún olówó, ìyẹn dúró fún èlé, ọjọ́ tó bá kó ojú owó sílẹ̀ ló tó bọ́.

Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí èlé bá gbéra, interest-only ló máa ń dun èèyàn jù. Bank of England, báńkì àgbà ìlú Ọba tí àwọn báńkì yòókù ń wò, fi èlé sí 0.1% láti March 2020 títí wọ December 2021, nígbà tó fi máa di August 2023 ó ti di 5.25%. £200,000 yẹn náà, tí èlé bá jẹ́ 2%, £333 ni interest-only lóṣù, tó bá di 5.5% ó di £917, ó kù díẹ̀ kó di ìlọ́po mẹ́ta. Repayment á kúrò ní £848 bọ́ sí £1,228, ó dunni, ṣùgbọ́n kò tó ti interest-only. Ìdí ẹ̀ ni pé gbogbo owó tẹ́ ẹ̀ ń san lórí interest-only, èlé ni, kò sí ibi tó máa fara pamọ́ sí.

Fún ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gba rẹ́ǹtì lórí ẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ayálégbé ló ń gbé èlé, ìyókù ẹ lè fi tún bọ́ílà ṣe, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jáde ẹ ta ilé, ẹ san ojú owó, ó parí. Báńkì náà ò ní kàn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fẹ́ kí rẹ́ǹtì ju èlé lọ dáadáa, 125% tàbí 145% ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ẹ má gbàgbé tax ṣá, látọdún 2020 ẹ ò lè yọ èlé kúrò nínú rẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó san tax mọ́, 20% èlé yẹn ni wọ́n ń yọ kúrò nínú tax yín, ẹni tí tax ẹ̀ bá sì ti wọ 40% á mọ̀ ọ́n lára.

Ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé ńkọ́? Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: níbo ni £200,000 yẹn ti máa wá? Láyé 1980s, endowment, ètò ìfowópamọ́ kan, ni wọ́n tà fáwọn èèyàn, wọ́n ní owó tí wọ́n ń dá síbẹ̀ á tó san gbèsè á tún ṣẹ́ kù, nígbà tọ́jọ́ pé, ti ọ̀pọ̀ ò tó. Látọdún 2014 ni FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn báńkì, ti ní kí báńkì rí ètò gidi tẹ́ ẹ máa fi san ojú owó kí wọ́n tó yáni, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn míì máa béèrè pé kí owó ọdún yín tó £75,000. Àwọn ará wa kan á ní ilé táwọn ń kọ́ sí Mowe làwọn máa tà. Ẹ jọ̀ọ́, páùn lẹ jẹ, náírà lẹ máa gbà, ẹ sì rí ohun tójú náírà rí látìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní June 2023.

Ti àwọn àgbà yàtọ̀ díẹ̀. Retirement interest-only wà látọdún 2018, ẹ ó máa san èlé títí ẹ fi máa kúrò láyé tàbí wọ ilé ìtọ́jú, wọ́n á wá ta ilé san án. Tọ́mọ ò bá retí ogún ilé yẹn, kò burú. Ẹni tí nǹkan kàn le fún náà lè bẹ báńkì kó san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà, Mortgage Charter ti 2023, àdéhùn àwọn báńkì pẹ̀lú ìjọba, fàyè gba ìyẹn.

Star mẹ́rin fún ilé ayálégbé, méjì fún ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè máa ju owó sí i láìsan fáìnì, ọ̀pọ̀ báńkì ń gba 10% gbèsè tó kù lọ́dún, tẹ́ ẹ bá ń ju £200, £300 síbẹ̀ lóṣù tí ọwọ́ bá gbà yín, ojú owó ń dín, èlé ń tẹ̀ lé e. Báńkì tèmi gbà bẹ́ẹ̀, òun ni mi ò ṣe tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn.