Layla ti 1970 àbí ti 1992, èwo lẹ máa mú?

Orin Layla méjì ló wà o, Eric Clapton, olórin àti onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ló sì kọ méjèèjì. Ti 1970, tó ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ẹ̀, Derek and the Dominos, ní Miami, igbe ni bọ̀dá yẹn ń ké níbẹ̀, torí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kó sí i lórí, Pattie Boyd, ìyàwó George Harrison ti Beatles (ẹ wo wàhálà!), ló bá lọ yá orúkọ Layla látinú ìtàn ìfẹ́ tí Nizami, akéwì ilẹ̀ Páṣíà, ti kọ láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Gìtá Duane Allman ń han gooro, tó bá wá fẹ́ẹ̀ dé ìdajì, dùùrù á gbà á títí dé ìparí, gbogbo ẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 7. Síbẹ̀ kò kọ́kọ́ tà, àfìgbà tó di 1972.

Ti 1992 ńkọ́? Gìtá tí ò lo iná ni, ó rọra ń fà á, dùùrù gígùn ìparí yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Clapton àti Boyd ti fẹ́ra ní 1979, wọ́n tún ti kọra sílẹ̀ ní 1989, ẹ̀bẹ̀ kí ló tún kù? Eléyìí ló wá gba Grammy orin rọ́ọ̀kì tó dáa jù.

Èmi ò lè parọ́, ti 1970 ni tèmi. Ti 1992 dùn lóòótọ́, pàápàá lálẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ sinmi, àmọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ ti fara balẹ̀ jù.