Ta ni kó máa yẹ àròkọ ọmọ yín wò? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé

Ìṣirò ní ìdáhùn lẹ́yìn ìwé. Ọmọ á ṣe é tán, á ṣí ẹ̀yìn ìwé, á mọ̀ bóyá òun gbà á. Àròkọ kò ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwa òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé fi ń wá ẹni tó máa gbà wá lórí èyí ju iṣẹ́ yòókù lọ. Ọmọbìnrin mi wà ní première, kíláàsì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì. Candidat libre, ìyẹn ẹni tó ń ṣe ìdánwò láìsí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ló máa jẹ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣe BAC Bẹ̀nẹ̀, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì. A ti yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò níbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu sì gba ọ̀nà kẹrin.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mọ ìdánwò tí ọmọ ń lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, ìparí première ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò Faransé alákọsílẹ̀, wákàtí mẹ́rin gbáko. Àwọn ti ìpín gbogboogbò á mú commentaire (ìtúpalẹ̀ àyọkà kan) tàbí dissertation (àròkọ tó ń jiyàn lórí ìbéèrè kan). Àwọn ti ìpín technologique lè mú contraction de texte, kí wọ́n ké àyọkà kúrú di ìdá kan nínú mẹ́rin, tí àfikún tàbí àdínkù kò sì gbọ́dọ̀ ju 10% lọ. Ti WAEC ní Nàìjíríà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀kọ́ tó bá ọ̀kan mu lè má wúlò fún èkejì.

CNED, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni láti òkèèrè, ni àkọ́kọ́. Ìjọba Faransé ló ni ín, láti 1939 ló sì ti wà. Ètò rẹ̀ wà létòlétò: ọmọ á ka ẹ̀kọ́, á kọ iṣẹ́, á fi ránṣẹ́, olùkọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì dá a padà. Yúrò ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n owó wa so mọ́ yúrò, 655.957 fáráǹkì CFA sí yúrò kan, nítorí náà ohun tí ẹ bá ṣírò lónìí kò ní yí padà kí ẹ tó san án. Fún ọmọ tó ń lọ BAC Faransé, èmi ò rí èyí tó dára jù ú lọ. Fún ti wa, ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àtúnṣe kì í dé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lọ́kàn ọmọ. Ẹni tó ń tún un ṣe náà kò gbọ́ Yorùbá.

Èyí èkejì ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dún lọ. “Ó” wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo: ó lọ, ó wá, ì báà jẹ́ bàbá, ì báà jẹ́ ìyá. Ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú á pe ìyá rẹ̀ ní “il” nínú ìpínrọ̀ kan, á pè é ní “elle” nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Tí a bá sọ pé “mo jẹ iṣu”, ó ti kọjá nìyẹn, a kò fi nǹkan kan kún un. Ọmọ á wá máa sọ ìtàn àná, á kọ “je mange”. Olùkọ́ tó gbọ́ èdè wa á rí gbòǹgbò àṣìṣe náà, á sì fà á tu lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á máa fa ìlà pupa sí i lójoojúmọ́.

Olùkọ́ tó ń wá sílé, tí a ń pè ní répétiteur, ni mo fara mọ́ jù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Èyí tí a kọ́kọ́ gbà máa ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ṣí ìwé ọmọ mi, àkọsílẹ̀ olùkọ́ ló kún inú rẹ̀. Àròkọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ kò ju mẹ́ta lọ. Inú mi bàjẹ́, torí èmi ni mo ń sanwó.

Ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọmọ púpọ̀ ti ń pàdé, kò wọ́n. Ó dára fún oṣù díẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń pín àkókò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí olùkọ́ tó lè fara balẹ̀ ka ìwé ogójì ọmọ.

Ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi ní Kétu ni pé kí ọmọ múra fún ìdánwò WAEC, nítorí yunifásítì Nàìjíríà ni ọmọ rẹ̀ ń lọ. Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọ̀rọ̀ 450, máàkì 50: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún lílo èdè, 10 fún sípẹ́lì àti àmì. Tí ìyẹn kọ́ ni ọmọ yín ń lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má ka wákàtí, ẹ ka iye àròkọ tí wọ́n tún ṣe. Ká ní répétiteur gba 24,000 fáráǹkì lóṣù, tó sì tún mẹ́jọ ṣe, 3,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́ gba 6,000, tó tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe, 6,000 ni ìyẹn. Èyí tó dà bí ọ̀pọ̀ ló wọ́n jù.

Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ fún un ní àròkọ tí ọmọ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Tí ó bá fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe nìkan, ẹ dúpẹ́ kí ẹ wá ẹlòmíràn. Èyí tí a gbà báyìí kọ ìbéèrè sí etí ìwé: “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àpẹẹrẹ dà?” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá gba àròkọ. Ní Sátidé, ọmọ mi á jókòó tì í, á tún odidi rẹ̀ kọ.