Afárá Bollman ní Savage: ẹ gbójú sókè kí ẹ tó kọjá

Ẹni tó bá ya fọ́tò kan péré lórí afárá yìí, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kò tíì rí i. Ìdá méjì ni, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 160 lápapọ̀, lórí odò Little Patuxent ní ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin B&O (Baltimore and Ohio) ló kọ́ ọ ní 1869. Ní 1887, wọ́n gbé e wá síbi tó wà yìí, kí ọkọ̀ ojú irin lè máa wọ iléeṣẹ́ òwú Savage. Nínú gbogbo afárá ojú irin tí wọ́n kọ́ ní ìlànà Wendel Bollman, òun nìkan ló ṣẹ́kù.

Ẹ dúró ní ìkángun kan, kí ẹ wo orí òpó. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀pá irin ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí kálukú wọn ń lọ sí oríkèé tirẹ̀ nísàlẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá láti òpó ìkángun méjèèjì. Bí ọ̀kan bá já, kì í wó gbogbo afárá lulẹ̀. Lásìkò tí àwọn ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù afárá onírin, nǹkan ńlá nìyẹn, Bollman, káfíńtà tó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹnjiníà, ló sì ronú rẹ̀.

Irin méjì ló wà níbẹ̀. Òpó àti ọ̀pá òkè tó ní ojú mẹ́jọ, tí inú rẹ̀ ṣófo, jẹ́ irin dídà (cast iron): ó lè gba ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bí a bá fà á, á ṣẹ́. Àwọn ọ̀pá tó ń fa ẹrù jẹ́ irin rírọ (wrought iron), tí kì í tètè ṣẹ́ bí a bá fà á.

Àbùkù rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀wà rẹ̀. Láàárín gbùngbùn, ọ̀pá méjèèjì gùn dọ́gba. Bí oríkèé bá ṣe ń sún mọ́ ìkángun ni ọ̀kan ń kúrú, tí èkejì ń gùn. Bí ooru bá mú, èyí tó gùn á nà ju èyí tó kúrú lọ. Oríkèé á kúrò lójú ààyè rẹ̀, ọ̀pá á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mú kí gbogbo wọn le dọ́gba. Ó tún ń jẹ irin púpọ̀.

Ní 1966, òun ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ìkọ́lé Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi ṣe ohun àmì ìtàn iṣẹ́ wọn, ó sì tọ́ sí i gan-an. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń lò ó báyìí. Ẹ lọ nígbà òtútù, tí igi bèbè odò ti wọ́wé, kí ẹ lè rí gbogbo ọ̀pá náà láti ẹ̀gbẹ́.