Mixtard 30 sí Lantus: ohun tí pípààrọ̀ ínsúlínì ń yanjú àti ohun tí kò lè yanjú

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún ínsúlínì Mixtard 30 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí òógùn ń bò ó ní aago méjì òru, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ṣúgà sì ń gbé 60 tàbí 55 mg/dL jáde, ìyẹn ni pé ṣúgà ti já jù, Lantus ni wọ́n sábà máa ń ní kó pààrọ̀ sí. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n Lantus kì í ṣe Mixtard olówó ńlá. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹni tó bá sì kó iye yúnìtì àtijọ́ sínú oògùn tuntun láìṣírò, ìṣòro mìíràn ló lọ rà wálé.

Ínsúlínì méjì ló wà nínú Mixtard 30. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tó ń yára ṣiṣẹ́, tó wà fún oúnjẹ. Ìdá 70 tó kù ni NPH, èyí tí wọ́n fi protamine, èròjà kan tí wọ́n ń rí lára ẹja, dè mọ́lẹ̀ kó má baà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Òun ló mú kí oògùn náà funfun bí omi ògì. NPH kì í ṣiṣẹ́ ní ọgbọọgba: ó máa ń gbéra díẹ̀díẹ̀, agbára rẹ̀ á le gan-an láti bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa rọlẹ̀. Ẹni tó gún un ní aago méje alẹ́, tó jẹ àmàlà, tó sùn ní aago mẹ́wàá, ìgbà tí kò sí oúnjẹ kankan nínú ikùn rẹ̀ mọ́ ni NPH ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni òógùn yẹn ti ń wá.

Lantus, tí Sanofi ń ṣe, ti wà lọ́jà láti ọdún 2000. Ó mọ́ gaara bí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kò sì ní protamine. Kíkan ni wọ́n ṣe é nínú pẹ́ẹ̀nì. Bó bá dé abẹ́ awọ, níbi tí kò ti sí kíkan, á dì sí èérún kéékèèké, èérún náà á sì máa yọ́ fún bíi wákàtí 24. Kò ní àkókò kan pàtó tí agbára rẹ̀ ń le ju ti ìgbà yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí jíjá ṣúgà lóru fi ń dín kù fún ẹni tó bá lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè pa á rẹ́ pátápátá. Kíkan yẹn náà ló fà á tó fi ń ta àwọn kan lára nígbà tí wọ́n bá gún un. Kì í ṣe pé ara wọn kọ̀ ọ́. Bí pẹ́ẹ̀nì bá ti kúrò nínú fíríìjì fún wákàtí kan kí wọ́n tó lò ó, títa náà máa ń dín kù.

Kí ẹ tó náwó sí i, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tí ẹ fi ń lo Mixtard, torí pé púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan oògùn yìí, ọwọ́ ló fà á. Funfun inú rẹ̀ máa ń rọ̀ sí ìdí ìgò. Ẹ yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹ má jì í kíkankíkan, yóò hó, afẹ́fẹ́ á sì gba àyè oògùn nínú sírínjì. Ẹni tí kò pò ó, lónìí ó lè jẹ́ kìkì omi òkè ló fà; nígbà tí ìgò bá ń tán lọ, NPH tó ti rọ̀ jọ ló máa kù fún un. Oògùn kan náà, ìgò kan náà, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ á máa fò sókè, á máa já wálẹ̀.

Kókó abẹ́ awọ ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi ìpara díẹ̀ sí ìka mẹ́ta, kí ẹ fi ra ikùn yípo ìdodo. Ibi tó bá ki tàbí tó le ju ara yòókù lọ, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan, ọ̀rá ló ti dì síbẹ̀ nítorí pé ojú kan náà ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń padà síbẹ̀. Ínsúlínì tó bá wọ inú kókó yìí kì í jáde déédéé: lónìí á pẹ́ níbẹ̀, lọ́la á tètè jáde. Bí ẹ bá wá gún Lantus sínú kókó kan náà, ẹ ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí lọ sí ibi tí ara ti rọ̀, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín ṣáájú, torí oògùn náà máa wọ ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí iye yúnìtì ní láti dín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi ìwọ̀n ìka kan sáàárín ojú abẹ́rẹ́ àná àti ti òní. Abẹ́rẹ́ tuntun ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo.

Ẹ tún ka ara sírínjì. U-100, ìyẹn yúnìtì 100 nínú ml kan, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi sírínjì U-40 fa oògùn U-100, ìlọ́po méjì àbọ̀ ló máa wọ ara. Lára sírínjì U-100 tó gba 1 ml, yúnìtì méjì ni ìlà kéékèèké kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá kà á sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gún ìlọ́po méjì.

Ó kù àwọn tí ara wọn kọ Mixtard lóòótọ́: ojú abẹ́rẹ́ ń yún, ó ń pọ́n, ó ń wú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bó bá jẹ́ protamine ni ara kọ̀, Lantus á tán an. Àmọ́ bó bá jẹ́ metacresol ni, èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò wọnú oògùn, Lantus kò lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, torí metacresol wà nínú àwọn méjèèjì. Ètè tàbí ahọ́n tó wú, tàbí èémí tó ń há, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká pààrọ̀ oògùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti sísanra, ínsúlínì èyíkéyìí lè fà á, ẹ má ṣe torí ìyẹn nìkan ra Lantus.

Ìṣirò wá kàn báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gún Mixtard yúnìtì 24 láàárọ̀ àti 12 nírọ̀lẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. NPH inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25, èyí tó wà fún oúnjẹ jẹ́ nǹkan bíi 11. Ìlànà tó bá Lantus wá ni pé ẹni tó ń gún NPH lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò: 25 á di 20. Yúnìtì 20 ni ibi ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 36. Dókítà yín ló máa sọ iye tó bá ara yín mu, pàápàá bí kíndìnrín bá ti ń ṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 36 nínú ìwé oògùn láìsí àlàyé, ẹ béèrè.

Yúnìtì 11 tó kù ńkọ́? Ohun tí ẹ pàdánù nìyẹn. Lantus kì í bá oúnjẹ jà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní gbọ́dọ̀ ní ínsúlínì oúnjẹ lọ́tọ̀, irú Actrapid tàbí NovoRapid, kò sì gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ Lantus nínú sírínjì kan. Àwọn irú kejì lè fi metformin tàbí oògùn oníhóró mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ohun tó máa ń tú àṣírí ni kí ṣúgà àárọ̀ jẹ́ 110, kí ó sì di 280 ní wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀bà. Fífi yúnìtì kún Lantus kò ní wo èyí sàn. Ńṣe ló máa mú kí ṣúgà já lóru, ìyẹn gan-an ni ẹ sì ń sá fún.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan náà ni kí ẹ máa gún un lójoojúmọ́. Ẹ má gún Lantus àti Mixtard pọ̀ lálẹ́. Ẹ yẹ ṣúgà wò ní àárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì jí wò ó ní aago mẹ́ta òru nígbà bíi mélòó kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi mu, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Pẹ́ẹ̀nì SoloStar, èyí tí Lantus wà nínú rẹ̀, kò le lò. Yúnìtì méjì ni ẹ máa kọ́kọ́ fi dán abẹ́rẹ́ wò: kí ẹ̀kán yọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yí i dé iye tiyín, ẹ gún un, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ títí nọ́ńbà á fi padà sí 0, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá kí ẹ tó yọ ọ́. Bí nọ́ńbà kò bá padà sí 0, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ ti dí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu pẹ́ẹ̀nì, afẹ́fẹ́ máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

Owó ńkọ́? Lantus wọ́n ju Mixtard lọ, ìyẹn kò fara sin. Pẹ́ẹ̀nì kan jẹ́ yúnìtì 300. Ẹni tó ń gún 20, tó ń fi méjì dán an wò, ọjọ́ 13 ni yóò bá a dé, láìka abẹ́rẹ́ pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀. Ìgò Mixtard tó jẹ́ yúnìtì 1000 máa ń gbé ẹni tó ń gún 36 dé ọjọ́ 27. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ní lè máa dé déédéé, mo fara mọ́ kó dúró sórí Mixtard kí dókítà dín ti alẹ́ kù, ju kó gún Lantus lóṣù yìí kó má sì rí i rà lóṣù tó ń bọ̀. NovoMix 30 náà wà láàárín, àdàlù ni òun náà, wọ́n sì ń gún un kété kí wọ́n tó jẹun.

Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, fíríìjì ni ààyè rẹ̀, 2 sí 8 díígíríì, kó jìnnà sí ibi tí yìnyín ń dì. Èyí tó bá ti di yìnyín, kí ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún ọjọ́ 28, bí ooru kò bá ju 30 lọ. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, ẹ máa ra pẹ́ẹ̀nì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ní kẹ́míìsì tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ ń lò sínú ìkòkò amọ̀ kan tó wà nínú ìkòkò ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín méjèèjì.

Lórí káńtà kẹ́míìsì, ẹ ka páálí náà kí ẹ tó sanwó. Lantus jẹ́ 100 yúnìtì nínú ml kan. Toujeo, glargine, ínsúlínì inú Lantus, náà ni, Sanofi náà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n 300 ni tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba nínú ara. Bí wọ́n bá ní Lantus ti tán, tí wọ́n sì gbé Toujeo jáde, ẹ pe dókítà yín níbẹ̀ náà. Bí ẹ bá sì ti ń lo Toujeo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sírínjì fa oògùn inú pẹ́ẹ̀nì rẹ̀: ìlà 20 lára sírínjì U-100 á ti di 60 yúnìtì.